Àmín Lórí Orúnkún Àna Mi

Ojú ń tì mí. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ìtàn yìí dá ara mi láre. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èmi tí mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ nílé o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn nítorí ẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta, yẹ̀yẹ́ ni ọkọ mi ń fi wọ́n ṣe. Á ní, "Ẹ wo àwọn àgbàlagbà tó ń dé akoto nítorí eré!" Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló wá di ẹni tí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́ tí kò bá wo bọ́ọ̀lù. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé wa ní Smyrna, kó tó bọ́ bàtà ló ti tan tẹlifíṣọ̀n.

Nínú eré yìí, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ló ń mú bọ́ọ̀lù dání, tí á wo iwájú wo ẹ̀yìn, tí á wá jù ú sí ẹni tó bá yẹ. Owó tí wọ́n ń san fún un kò ṣeé gbọ́ sétí. Àwọn ọkùnrin gìrìwò kan wà tí wọ́n ń dúró níwájú rẹ̀, iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa ti àwọn ọ̀tá sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn tó mọ orúkọ wọn ò pọ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí gba quarterback tuntun, tí wọ́n sì da owó lé e lórí, ìjà dé sílé wa. Mo ní owó yẹn pọ̀ jù. Mo ní èmi tí mo ń fi gbogbo shift dúró lórí ẹsẹ̀, tí mo ń gbé aláìsàn sókè sódò, ta ló fún mi ní irú ẹ̀ rí? Ọkọ mi ní, "Orí ni à ń dé adé fún. Ta ló ń dé adé fún ẹsẹ̀?" Mo ní, "Orí tí kò lẹ́sẹ̀ ńkọ́, Daddy? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ilẹ̀ ló máa wà?" Ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mi.

Tí ẹ bá bi mí, ohun tó mú ọ̀rọ̀ quarterback dùn mọ́ ọn ni pé ó gbà pé òun ni quarterback ilé wa. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ wọn ní Forest Park, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí kí mọ́tò tó wá gbé e. Ó fẹ́ràn kó máa sọ iye ọkùnrin tó wà lábẹ́ òun. Èmi náà wà lára wọn, bí kò bá tilẹ̀ kà mí mọ́ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti bẹ àwọn tó bá fi ẹnu gún lọ́kàn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìpàdé àwọn ará ilé, àní ní ọ́fíìsì dókítà. "Ẹ má bínú, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ dára." Mo ti sọ ọ́ títí ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ló wá mú ọkùnrin wálé. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọmọkùnrin náà, ará Douglasville. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó níwà pẹ̀lẹ́, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ káàsán mà," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bá mi fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti gbàdúrà, mo ti fi ojú sọ́nà títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé ni kó wọlé ọkọ tẹ̀rín tọ̀yàyà. A ní kí àwọn òbí ọmọkùnrin náà wá sílé wa, ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

A ní kí wọ́n dé ní aago méjì. Gbogbo Yorùbá tó wà ní Atlanta ló mọ̀ pé aago mẹ́rin ni à ń wí. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún àwọn ará Douglasville. Aago méjì géérégé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn ọkọ mi níwájú tẹlifíṣọ̀n. Èmi ń din ẹran nídìí sítóòfù, nẹ́ẹ̀tì irun wà lórí mi, ọwọ́ mi kún fún òróró. Yéè! Mo rò pé ìyẹn ni ìtìjú tó máa bá wa lọ́jọ́ náà.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá: ọmọkùnrin náà, ìyá rẹ̀, àti bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé àkàrà òyìnbó tó fúnra rẹ̀ yan dání. Bàbá rẹ̀ ga, ó sì fẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé. Òkè ni à ń gbé, a ò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọkùnrin náà bó ṣe ń bọ̀. Á di irin àtẹ̀gùn mú, á gbé ẹsẹ̀ kan, á wá fa èkejì bá a, á dúró, á mí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn báyẹn ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́. Orúnkún méjèèjì ti bàjẹ́. Mo rí i kedere, mo kí wọn káàbọ̀, mo sì sáré padà sídìí ẹran mi.

Ọkọ mi ti kó sínú bùbá, ó ti gbé móòtì tútù fún wọn mu, ó sì ti padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ o: ọkọ mi, ọmọ Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ní gbogbo owó tí wọ́n ń san fún quarterback ló tọ́ sí i, torí òun nìkan ni èrò ń wá wò. "Àwọn abikùn-ńlá tó wà níwájú yẹn, wọ́n kàn sanra ni," ó ní. "Ẹni tó bá ti lè jẹun lè ṣe iṣẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́, mo lè lé irú wọn lónìí kí n gba òmíràn lọ́la."

Ọmọkùnrin náà tẹ orí ba. Ìyá rẹ̀ gbé móòtì rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn abikùn-ńlá yẹn ni mí, sà. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn kí orúnkún mi tó kọ̀."

Láti kíṣìnì ni mo ti gbọ́ ọ, mo yọjú sí wọn tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á ti tọrọ àforíjì. Ọkọ mi kọ́! Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Quarterback tiyín, ṣé ó tó ohun tí wọ́n ń san fún un?"

"Ó tó," ọkùnrin náà dáhùn. "Ó tó dáadáa. Tí wọ́n bá ti gbé e ṣánlẹ̀, gbogbo wa la ti pàdánù. Mi ò bínú sí owó rẹ̀ rí. Gbogbo Kérésì ló ń ra nǹkan fún àwa tó wà níwájú rẹ̀."

Ọkọ mi gbá itan rẹ̀ pàá. Ó kọjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́, "Ṣé o gbọ́? Ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀!" Ó wá ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó gbàgbé pé ọmọ wa tó jókòó tì wọ́n gbọ́ Yorùbá kọjá ìyẹn. Ọmọ mi wò mí, ó ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ o," mo sì da ẹran sínú abọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tí a pè dé, ilé kún. A ní kí ọkọ ìyàwó wá kí bàbá ìyàwó. Ọmọ mi ti fi fídíò kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin pariwo. Ìgbà yẹn ni ẹnu ń yún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é, a kì í jẹ́ kó rọ ọkọ ìyàwó lọ́rùn, a ní láti fi í ṣeré díẹ̀. Èmi ìyá ìyàwó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kó lè yé wọn: "Ṣé òun nìkan lọkùnrin ilé wọn ni? Gbogbo ọkùnrin ilé wọn là ń retí o!"

Ilé hó yèè. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bá wí. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé bàbá ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó, àna lẹgbẹ́ àna. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò lẹ́gbọ̀n, kò lábúrò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sì bá a wá. Ọkùnrin kan ló kù nílé wọn.

Ọkùnrin náà di ọwọ́ àga mú, ó dìde. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó wá fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Kò lè nà tó bí ọmọ rẹ̀ ti nà. Orúnkún méjèèjì yẹn ló gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró. Àwọn ènìyàn yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń ní, "Háà, ẹ wo àna gidi!" Ó yẹ kí n pariwo pé rárá o, ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí. Ẹnu tó yára tẹ́lẹ̀, kò là mọ́.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún yàrá wa bámúbámú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kó ti ẹnu ọkọ mi jáde: ẹ dìde. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti bá a gbé pẹ́, mo mọ ojú yẹn. Ìgbéraga ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀. Ó dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà.

Ó gbàdúrà fún ọmọ, ó gbàdúrà fún ọmọ-ọmọ, ó gbàdúrà fún ilé tí wọn ò tíì rà. Ó padà lọ bá àwọn ọ̀tá ilé bàbá wọn, ó lé wọn títí dé Jẹ́ríkò. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, kò yé àwọn tó wà nílẹ̀ rárá, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó ti parí tàbí kò tíì parí. "Ẹ ò ní ṣubú!" "Àmín!" "Ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀!" "Àmín!" Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ là ń sọ fún pé kò ní ṣubú. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé Àmín ni epo àdúrà, bó bá ṣe ń ròkè ni aládùúrà ṣe ń rí agbára kún agbára. Èmi ni tèmi ròkè jù. Mò ń wo orúnkún tó ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò, mo sì ń ṣe Àmín. Ohùn obìnrin kan wà lẹ́yìn mi tó ń ṣe àmín léraléra, kíákíá, kò dúró kí àdúrà délẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ìyá ọkọ ìyàwó ni. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀mí ti gbé obìnrin yìí o, ó ti di ọmọ ìjọ wa.

Nígbà tí ọkọ mi sọ pé "lórúkọ Jésù," ọmọkùnrin náà fò dìde. Bàbá rẹ̀ ò dìde. Ó gbìyànjú, ó padà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ó tún gbìyànjú. Ẹ̀rín wá ń tán lẹ́nu àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń ya fídíò rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì pagbo bò ó, wọ́n sì gbé e sórí àga. Òógùn bò ó lójú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kò séwu, kò séwu. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Wọn ò jẹun débi kankan tí wọ́n fi ní àwọn ń lọ. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ọmọ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ dè é. Mo dúró lókè, mò ń wò wọ́n. Ẹnì kan nínú ilé ń bi mí pé níbo ni ẹran kù sí.

Ọmọ mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

"Mummy, ẹ rí i," ó ní. "Nọ́ọ̀sì lẹ jẹ́. Ẹ rí bó ṣe ń gun stairs."

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò sọ pé—"

"Mummy. Ẹ rí i."

Ó ní wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lọ sí hospital, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀kan nínú orúnkún náà kíákíá, wọn ò lè dúró mọ́. Ó ní ìyá ọkọ òun sọ pé òun ò ní mú ọkọ òun padà sáàárín àwọn tó ń yọ̀ nígbà tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dúró síbẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá pe ọmọ mi, kì í gbé e.

Èmi àti ọkọ mi jà bí ajá àti ológbò. Ó ní, "Ta ló ní gbogbo ọkùnrin ilé wọn? Ṣé kì í ṣe ẹnu rẹ ni?" Mo ní, "Ta ló lé ọ̀tá ilé bàbá wọn dé Jẹ́ríkò? Ṣé kì í ṣe ẹnu yín ni?" A jà títí ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, mo bá a lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn. Ó ní, "Mo rí i pé orúnkún ń dun ọkùnrin yẹn. Mo kàn ní kó pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀." Mo jókòó tì í. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀, mi ò gbọ́ kó jẹ́wọ́ báyẹn rí. Mi ò sì lè sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, torí Àmín mi ṣì wà létí mi.

Mo se mọ́ínmọ́ín, a wa mọ́tò lọ sí Douglasville. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó kí wa bí ẹni ń kí àlejò. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, báńdéèjì wà ní orúnkún rẹ̀. Kó tó sọ pé ká wọlé, ọkọ mi bọ́ fìlà, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì ń lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un.

Kò kanlẹ̀. Mi ò mọ bí ọkùnrin náà ṣe ṣe é. Mo kàn gbọ́ ìró ọ̀pá tó bọ́ sórí pákó ni, mo sì rí i tó ti bẹ̀rẹ̀, tó fi apá gìrìwò méjèèjì gbá ọkọ mi mú lábẹ́ apá. Ó kérora. Ó gbé e nàró bí ẹni gbé ọmọdé.

"Rárá, sà," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Èmi kì í jẹ́ kí ọkùnrin kanlẹ̀."

Ọkọ mi di apá rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó ń lé ọ̀tá dé Jẹ́ríkò, ó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ìyàwó ọkùnrin náà sá jáde láti kíṣìnì, ó rí ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó rí ọ̀pá nílẹ̀. Ó wò mí tààrà, ó ní, "Ẹ tún ti ṣe é?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, torí òótọ́ ni. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, a sì tún ti mú orúnkún yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó rọra, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó wu òun ni. Obìnrin náà fa àga fún ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fa àga fún wa.

Ó jẹ́ ká bẹ̀bẹ̀ tán. Ó ní òun ò ní di ayọ̀ àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọkùnrin ilé òun tó máa kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ń mi orí lóhùn-ún bí aláǹgbá. Ọmọ mi wá sẹ́yìn àga mi, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi fún ìgbà díẹ̀. Mo dúpẹ́ títí.

Èmi àti obìnrin náà wọ kíṣìnì láti bu mọ́ínmọ́ín. Ó ń wá abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ẹ́jẹ́ ni tiwa," ó ní. "Àdúrà kan, àmín kan, ó ti parí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí orúnkún rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo rò pé tí mo bá ṣe àmín, ó máa parí, ọkọ mi á dìde. Mo ṣe é, mo tún ṣe é." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà ń ṣe é. Mo gbọ́ ohùn rẹ ju ti gbogbo wọn lọ. Mo sọ fún ara mi pé ìyá yìí náà fẹ́ kó parí."

Ojú rẹ̀ wà lójú mi, ó ń retí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí pé Àmín ni epo àdúrà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ewé mọ́ínmọ́ín.